Epo Lára Ọrùn Gìtá Bàbá Rẹ

Odòjọ̀mù, Oǹdó.
Òwúrọ̀ Sátidé.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ohùn rẹ dùn lórí fóònù lánàá. Inú èmi àti bàbá rẹ dùn pé ẹ ti rí ilé gidi gbà ní Alágbàká ní Àkúrẹ́, pé omi ń wá déédéé, pé ọkọ rẹ sì ti mojú ibi iṣẹ́ tuntun rẹ̀. Ọlọ́run tó kó yín débẹ̀ yóò fi ẹ̀rín kún ilé náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tí o bi mí kí owó fóònù rẹ tó tán ni kò jẹ́ kí n jókòó jẹ́ẹ́ láti àná. O ní ọrùn gìtá tí bàbá rẹ fún ọ ti gbẹ fúrúfúrú, pé o fẹ́ fi sáńpépà ha á kí o sì fi òróró pa á, o wá ń bi mí bóyá òróró tí o fi ń dín ẹyin yóò ṣe é. Mojí, jọ̀wọ́, gbé sáńpépà náà sílẹ̀. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

O mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn lórí fóònù, kí n tó délẹ̀ ẹ̀rọ á ti gé e. Ìyẹn ni mo ṣe mú bírò. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń fi epo pa ọrùn gìtá fún ọ. Bí mo bá yà sí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ lójú ọ̀nà, má bínú, nítorí inú ilé ọkọ ni mo ti kọ́ ọ.

Nígbà tí mo fẹ́ bàbá rẹ, ọdún líle ni a bọ́ sí. Tíṣà ni, ìjọba kò sì rí owó oṣù san fún àwọn tíṣà. Oṣù á wọlé, oṣù á jáde. Ọṣẹ ìfọṣọ, wẹ́wẹ́ ni à ń gé e. Mílíìkì di ohun tí à ń fojú rí níbi ìkómọ nìkan. Ilé ìyá bàbá rẹ ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, ni à ń gbé, nínú yàrá kan. Màmá ni gbogbo wa ń pe ìyá náà. O kò bá a láyé, ṣùgbọ́n imú rẹ, imú rẹ̀ ni.

Bàbá rẹ ní gìtá kan, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, Adéwálé, tí àìsàn mú lọ kó tó gbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá rẹ ti máa ń ta á, àmọ́ nígbà tí owó oṣù dáwọ́ dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ síbi ìgbéyàwó àti ìkómọ kí a lè rí nǹkan jẹ. Ní ọjọ́ kan wọ́n pè é síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá kan ní Alágbàká tí ẹ wà yẹn. Oòrùn mú, ọwọ́ rẹ̀ ń làágùn. Fáníìṣì ara ọrùn gìtá náà ti gbó, ó ń bó, òógùn sì sọ ọ́ di bí oje igi. Ibi tó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kọjá, ibẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́. Ó ṣi ohùn ta, ó tún un ṣì ta, ni ẹnì kan bá rọra wá sọ fún un pé kó lọ sinmi, wọ́n sì ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Bí àwàdà ló ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tó délé, ṣùgbọ́n abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti gìtá náà sí, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Èmi ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà, mo rò pé mo mọ igi. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Oǹdó ni mo dàgbà sí. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, èmi ni mo máa ń fi sáńpépà ha àga fún un. Mo sọ fún bàbá rẹ pé kó jẹ́ kí n ha fáníìṣì náà kúrò, kí n fi epo pa á dípò rẹ̀. Mo ní fáníìṣì ń bo igi mọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú igi ni epo ń wọ̀ lọ, ọwọ́ á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ti Ẹ̀gbọ́n mi ni o." Mo ní mo mọ̀. Ó ní kí n ṣe é.

Mo tú okùn rẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń fi àfọ́kù ìgò ha ẹ̀yìn ọrùn náà. Màmá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ohun tí mò ń ṣe, ó gbé àtẹ ẹ̀wà rẹ̀, ó wọlé. Láti ọjọ́ náà, ìkíni nìkan ló kù láàrin wa. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, ó á ní, "Ìyàwó, o káàárọ̀," ó tán. Mo rò pé torí pé mo jẹ́ ọmọ Oǹdó ni, tàbí pé ojú ń tì í kí ìyàwó ilé òun máa ṣe iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. N kò béèrè.

Ó yá, èkínní nìyí: kì í ṣe gbogbo òróró ni òróró igi. Inú ìgò dúdú kan ni bàbá mi ti máa ń da epo sórí àga. N kò bi í rí ohun tó wà nínú ìgò náà. Ní tèmi, òróró ni òróró. Mo bu òróró ẹ̀pà tí a fi ń dín dòdò, mo fi pa ọrùn gìtá náà dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ń dán gbinrin, mo sì ń yangàn kiri ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kọ̀, kò gbẹ. Eruku lẹ̀ mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí agbada tí wọn kò fọ̀. Nígbà tó yá, èèrà tò wá láti ojú fèrèsé, wọ́n ń gun gìtá lọ bí ìjọ tó ń lọ sí ìsìn àárọ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, ó wò ó, ó ní, "Ìyàwó, ṣé o ti ṣe é tán?" Ó lọ. Bàbá rẹ mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá èèrà.

Ìgbálẹ̀ yẹn ló pa mí lẹ́kún. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

Mo fi aṣọ wé gìtá náà bí ọmọ ọwọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Bàbá mi tú aṣọ, ó gbóòórùn ohun tó wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ògiri. Ó ní, "Olúrẹ̀mí, ṣé o fẹ́ dín gìtá yìí ni?" Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó jókòó tì mí, ó sọ pé òróró oúnjẹ kì í gbẹ lára igi láéláé, bíbàjẹ́ ló máa ń bàjẹ́ síbẹ̀. Linsíìdì ló wà nínú ìgò dúdú òun. Òun ni ó ń gbẹ, tí ó sì ń le sínú igi. Nítorí náà, ọmọ mi, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ilé, kí o ní linsíìdì tí wọ́n ti sè ni o fẹ́. Èyí tí wọn kò sè kì í tètè gbẹ, ní àsìkò òjò pàápàá. Abéèrè kì í ṣìnà. Ní ilé ọkọ rẹ náà, máa béèrè. Mo fi ọgbọ́n orí ara mi gbé ilé Màmá fún ọ̀pọ̀ oṣù, ohun tí ìbéèrè kan ṣoṣo ì bá tú ni mo fi ẹ̀rù ara mi dì ní kókó.

Bàbá mi fi tapẹ́ńtáìnì, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, fọ òróró ẹ̀pà náà kúrò, ó ní kí n tún un ha láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa kọ́ ìwọ náà yìí. Tú okùn gìtá kúrò. Ojú ọrùn, níbi tí ìka ti ń tẹ okùn, má fi linsíìdì kàn án; fi téèpù bò ó. Ẹ̀yìn ọrùn nìkan ni à ń ṣe. Bí o bá ń fi sáńpépà ha á, ìlà igi ni kí o tẹ̀ lé, má ṣe ha á ní ìbú. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó le díẹ̀, kí o parí rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọ̀ jù. Fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu eruku rẹ̀. Igi náà á hu irun wẹ́wẹ́, má bẹ̀rù. Jẹ́ kó gbẹ, kí o tún fi sáńpépà tó rọ̀ yẹn kọjá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ti aṣọ kékeré kan bọ epo díẹ̀, kí o fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Jẹ́ kí igi mu ún níwọ̀nba àkókò tí a fi ń se ẹyin, kí o wá fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo èyí tí igi kò mu kúrò. Gbogbo rẹ̀, Mojí. Bí ọwọ́ rẹ bá ṣì ń lẹ̀, o kò tíì nù ún tó. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí o tó tún un pa.

Èkejì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo padà sí Àkúrẹ́, mo pa á lẹ́ẹ̀kan bí bàbá mi ṣe wí, ó sì gbẹ dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ kan láti Ìta-Ògbólú wá lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ bàbá rẹ síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ó ń bọ̀. Mo wá rí i pé ọjọ́ ti sún mọ́lé, mo ní kí n kúkú da èyí tó yẹ kí n pa nígbà mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo da epo bo ọrùn náà, n kò nù ún. Ó di bíi gọ́ọ̀mù. Mo tún fi tapẹ́ńtáìnì fọ̀ ọ́, ọjọ́ tí mo fẹ́ jèrè ni mo pàdánù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má ṣe rò pé gbogbo ìfẹ́ tí o ní sí ọkọ rẹ, ọdún yìí ni o gbọ́dọ̀ dà á lé e lórí. Ṣe díẹ̀, jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára, kí o fún un láyè. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó dákẹ́, má bi í ní ìbéèrè méje. Fún un lómi.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí o fi ọkàn sí jù, torí ilé kan ì bá jó. Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé àkísà tó mu linsíìdì kì í ṣe ohun tí à ń ká jọ. Ṣe ni kí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ síta kó gbẹ, tàbí kí a rì í sómi, nítorí bí epo náà ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru wá, bí a bá sì ká a mọ́ra, ooru náà kò rọ́nà jáde, á gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kàn jọ ìtàn ìjàpá létí mi ni. Mo pa gìtá tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo fi okùn so ó kọ́ sí àjà ilé ìdáná tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ká àkísà náà rúbúrúbú, mo jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí mo kó ìdọ̀tí igi tí mo ha sí, mo lọ fọṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Ohùn Màmá ni mo gbọ́, tó ń pe iná bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pè é: uná, uná. Mo sáré dé. Èéfín ti kún ilé ìdáná. Màmá ti wà nínú rẹ̀. Mo rí i tó ń jáde pẹ̀lú gìtá náà láyà rẹ̀, ó gbé e fún mi, ó padà wọlé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ apẹ̀rẹ̀ tó ti ń jó náà jáde. Mo da gbogbo omi ìfọṣọ lé e lórí. Òrùlé kò gbiná, ògiri nìkan ló dúdú. Ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún Màmá ti jó.

Mo ń da omi tútù sí ọwọ́ rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún. Ó ní kí n dákẹ́, pé ọwọ́ kì í ṣe ilé. Nígbà tí mo ti fi aṣọ mímọ́ wé e, tí àyà mi ti rọ̀ díẹ̀, mo bi í pé, "Màmá, apẹ̀rẹ̀ ló ń jó. Kí ló dé tí ẹ fi kọ́kọ́ gbé gìtá?"

Ó fi orí júwe ọrùn gìtá náà, ó ní:

"Ibi tí o ń ha yẹn, ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ mi máa ń wà."

Ó wá sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà tí òun ti ń ṣa ẹ̀wà yẹn ni Adéwálé máa ń jókòó sí ta gìtá, pé òun a máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, òun a máa ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi ṣe. Nígbà tó kú, wọ́n pín aṣọ rẹ̀, wọ́n pín bàtà rẹ̀. Gìtá ló kù. Ìyàwó tuntun wá dé, ó mú àfọ́kù ìgò, kò sì sí ẹni tó bi òun léèrè nǹkan kan.

Mo ní, "Màmá, n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ yín."

Ó ní, "Èmi náà kò sọ."

Mo gbé gìtá náà lé ẹsẹ̀ kí n wò ó bóyá èéfín ti bà á jẹ́. Mo nu ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ìgbà náà ni mo rí i. Nítòsí orí gìtá, àmì kan wà tó dúdú ju igi yòókù lọ, kò tóbi ju ewé ọ̀pọ̀tọ́ kékeré kan lọ. Nígbà tí igi ṣì gbẹ, kò hàn. Epo ló fà á jáde. Mo sún mọ́ Màmá, mo fi hàn án. Mo ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni fáníìṣì ti kọ́kọ́ bó ní ayé Adéwálé, pé òógùn àtàǹpàkò rẹ̀ ló ti wọ inú igi lọ ní gbogbo ọdún tó fi ń ta á, àti pé sáńpépà mi kò lè débi tó wọ̀ dé. Màmá na ọwọ́ òsì rẹ̀ tí kò jó, ó fi àtàǹpàkò lé ojú àmì náà, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó yá ó ní, "Ó kù ẹ̀ẹ̀melòó tí o máa pa á?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i, Màmá."

Ó ní, "Wá kọ́ mi."

Màmá ló pa èyí tó kẹ́yìn, pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Èmi ń di orí gìtá mú, èmi ń sọ fún un pé kó nù ún dáadáa. Ó nù ún ju bí èmi ṣe ń nù ún lọ. Bàbá rẹ ti ilé ìwé dé, ó bá àwa méjèèjì lórí ẹní kan náà, ó dúró, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó tún jáde bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé òun kò gbàgbé nǹkan kan.

Màmá fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ kọ́rùn, ó bá wa lọ sí Ìta-Ògbólú. Oòrùn mú níbẹ̀ ju ti Alágbàká lọ, bàbá rẹ sì làágùn bí i ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ lọ, ń yọ̀ bọ̀. Àwọn àgbẹ̀ yẹn kò jẹ́ kó sinmi. Nígbà tí à ń padà lọ, wọ́n di iṣu sí ẹ̀yìn mọ́tò wa tó bẹ́ẹ̀ tí dírẹ́bà fi ń ṣàròyé dé ilé. Àwọn ará Ìjù tó wà níbẹ̀ gba orúkọ rẹ̀ kí àwọn náà lè pè é síbi ayẹyẹ tiwọn. Bí a ṣe la ọdún yẹn já nìyẹn. Iṣu tí gìtá mú wálé ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún rẹ. Nígbà tí ìjọba sì wá ń san owó oṣù, bàbá rẹ kò dá gìtá dúró. Nígbà tí wọ́n gbé bàbá rẹ lọ sí ilé ìwé ní Oǹdó níbí, Màmá ló sunkún jù. Kò sunkún nítorí rẹ̀ o. Ó ní ta ni yóò máa bá òun jà nílé ìdáná.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Kọ èyí sí i: a kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn. Bí ọkọ rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, tàbí tí ìyá rẹ̀ bá wò ọ́ ní ìwòkuwò, má ká a jọ sí igun kan. Tẹ́ ẹ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, ní ojúmọmọ, nígbà tí ebi kò pa ẹnikẹ́ni. Bí ìyá rẹ̀ bá dákẹ́, má yára sọ pé ìkórìíra ni. Ó lè jẹ́ pé ó ń ṣọ̀fọ̀ ohun kan tí o kò mọ̀.

Má fi gìtá sí oòrùn kó lè tètè gbẹ. Ọrùn rẹ̀ á wọ́. Ojú afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji ni kí o gbé e sí. Bí o bá sì dé ibi àmì dúdú yẹn, sáńpépà tó rọ̀ jù ni kí o lò, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí o kọjá. Nígbà tí epo bá fà á jáde, pe ọkọ rẹ kó wá wò ó, kí o sọ orúkọ ẹni tó ni ín fún un.

Ohun kan ló kù, n kò sì fẹ́ kí bàbá rẹ mọ̀ pé mo sọ ọ́. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé gìtá fún ọ, inú rẹ̀ sì dùn sí i dénú. Ṣùgbọ́n ìṣó tí a fi ń gbé e kọ́ ṣì wà lára ògiri pálọ̀. Mo fẹ́ fi kàlẹ́ńdà kọ́ ọ níjọ́sí, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá jókòó, mo máa ń rí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ń rìn lórí apá àga. Kò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ láéláé. Nítorí náà, nígbà tí epo bá ti gbẹ, tí ẹ bá ń bọ̀ wá kí wa, ẹ gbé e dání. Má sọ ìdí kankan. Gbé e lé e lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi apá, kí o wá bá mi ní ilé ìdáná, kí a jọ dákẹ́.

Kí ọkọ rẹ fún mi. Kí ilé yín gbà yín, kí ẹ̀yin náà gba ara yín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Olúrẹ̀mí.